Ká ní dáínósọ̀ ò kú run, ṣé wọn ì bá ti di èèyàn?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Kubwa, ní Àbújá níbí. Ohun tó kọ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, kò jẹ́ kí n sinmi. Ó wo fíìmù dáínósọ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àtìgbà náà ló ti ń béèrè pé ká ní àwọn ẹranko yẹn ò kú, kí ni wọn ì bá dà lónìí. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan sọ fún un pé wọn ì bá ti di èèyàn, wọn ì bá máa wa mọ́tò, wọn ì bá sì máa sin àwa bí ẹni ń sin ewúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kó yé sọ ìsọkúsọ, pé kò sí ohun tó ń jẹ́ dáínósọ̀ rí, òyìnbó ló hùmọ̀ ẹ̀. Èmi ò mọ èyí tí mo lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn, torí ó ti ń bẹ̀rù àtisùn lóun nìkan."

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní báyọ́lọ́jì, ní Kàdúná kí n tó wá sí Àbújá, kò sì sí ọdún kan tí ọmọ kan ò nawọ́ béèrè irú ìbéèrè yìí. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, adìyẹ ni mò ń sìn ní Kuje, ẹ ó sì rí i níwájú pé adìyẹ náà wúlò fún ìdáhùn yìí ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: ṣé dáínósọ̀ wà rí lóòótọ́, ṣé gbogbo wọn ló kú, àti pé ká ní wọn ò kú, ṣé èèyàn ni wọn ì bá dà. Ẹ̀kẹta ló ń dẹ́rù ba ọmọ, ṣùgbọ́n tá a bá fo méjì àkọ́kọ́, kò ní yé e.

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀: inú fíìmù ni wọ́n ti rí i, fíìmù sì máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni eegun wọn wà. Tí èèyàn bá ti Kánò gba Kàtsínà, tó kọjá bọ́dà wọ orílẹ̀-èdè Niger, tó gba Zinder dé Agadez, aṣálẹ̀ Ténéré ló kàn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gadoufaoua, tí atẹ́gùn ti gbá iyanrìn kúrò lórí eegun tó ti di òkúta. Philippe Taquet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàpèjúwe ọ̀kan nínú wọn ní 1976, ó sọ ọ́ ní Ouranosaurus nigeriensis. Ní 1999, Paul Sereno láti Amẹ́ríkà àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún òmíràn lórúkọ, Nigersaurus taqueti. Ẹranko yìí gùn tó mítà 9, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú bí ṣọ́bìrì, eyín tó wà nínú ẹnu náà sì lé ní 500. Odò ńlá ló ń ṣàn nígbà náà níbi tó ti di yanrìn lónìí yẹn. Eruku ọyẹ́ tó ń bà sójú fèrèsé yín ní Kubwa lóṣù Ṣẹ́rẹ́, apá ọ̀hún ló ń gbà wọlé. Ká sì fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tiwa: ní Goronyo, ìpínlẹ̀ Sókótó, wọ́n rí eegun ẹranko abàmì kan tó gbé inú omi nígbà tí òkun ṣì wọlé dé Sókótó. Goronyosaurus ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìlú wa ló ń jẹ́ káàkiri ayé, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa kì í gbọ́ ọ ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi kún un o, kí ọmọ má baà ṣì í mú: Goronyosaurus kì í ṣe dáínósọ̀. Ìbátan awọ́nríwọ́n àti ejò ni. Àwọn abìyẹ́-awọ tó ń fò lókè ní sáà kan náà kì í ṣe dáínósọ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ẹranko ńlá àtijọ́ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn dáínósọ̀ fúnra wọn ò sì gbáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Stegosaurus, èyí tó to pátákó sẹ́yìn, ti wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn. Tyrannosaurus tí gbogbo ọmọ ń bẹ̀rù, kò ju mílíọ̀nù 68 sí 66 lọ. Àwa àti Tyrannosaurus súnmọ́ra ju òun àti Stegosaurus lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú igbó kan náà ni fíìmù máa ń dà wọ́n sí.

Ìbéèrè kejì ló dùn mọ́ mi jù. Kì í ṣe gbogbo dáínósọ̀ ló kú. Ẹyẹ ni ìyókù wọn. Mi ò fi í ṣe àkàwé o. Bí àdán ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú bó tilẹ̀ ń fò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹyẹ ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú dáínósọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pa adìyẹ, ẹ pe ọmọ wá sí ìdáná. Kẹ́ ẹ tó da omi gbígbóná sí i, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀: ìpẹ́ ni yóò bá níbẹ̀, bí ti alángbá, àti ìka mẹ́ta níwájú pẹ̀lú èékánná tó tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá là á, ẹ wá eegun kékeré kan lókè àyà rẹ̀ tó pín sí méjì bí igi róbà táwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Tyrannosaurus ní irú eegun yẹn. Ẹ ṣẹ́ eegun apá rẹ̀ tó súnmọ́ èjìká, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ tu ìyẹ́ kúrò ní ṣóńṣó apá náà, ẹ ó rí ìka mẹ́ta tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn tán. Kò sí ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ nínú yàrá sáyẹ́ǹsì tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn tó adìyẹ ọjà kan yìí. Ní 1996, nígbà tí wọ́n gbé Sinosauropteryx jáde láti ilẹ̀ Ṣáínà, dáínósọ̀ kékeré tí ìyẹ́ múlọ́múlọ́ bò lára bíi ti òròmọdìyẹ, àríyànjiyàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Èmi fúnra mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án kó tó wọ̀ mí lára. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sin ògòǹgò nítòsí Zàríà. Ọ̀kan nínú wọn fi apá gbọgbẹ́ lára wáyà, wọ́n ní kí n wá bá wọn dì í mú kí dókítà ẹran lè wò ó. Wọ́n ti fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lójú kó lè fara balẹ̀. Bí mo ti ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, nǹkan kan ha mí. Mo rò pé wáyà ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìyẹ́ náà wò, èékánná ni, ó dúdú, ó tẹ̀ díẹ̀, ó jókòó ní ṣóńṣó ìka bíi tiwa, òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ tí kì í fò, tí kì í fi apá mú ohunkóhun, èékánná ṣì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo di apá yẹn mú pẹ́ títí tí dókítà fi ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kóun ráyè. Àwọn àgbà wa ń pe ògòǹgò ní ọba ẹyẹ. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí i pé ìran ọba náà ti pẹ́ ju bí a ti rò lọ.

Kí ló wá pa àwọn yòókù? Ní 1980, Luis Alvarez àti ọmọ rẹ̀ Walter, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, kéde pé nínú ìpele amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n yẹ̀ wò ní Gubbio, ní Ítálì, írídíọ̀mù, irú irin kan, pọ̀ níbẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ írídíọ̀mù ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ ayé, inú òkúta ojú ọ̀run ló pọ̀ sí. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn wọ́n dá ojú ibi tí òkúta náà já sí mọ̀, ní Chicxulub, Mẹ́síkò. Òkúta náà fẹ̀ tó kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò tó gbẹ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 180, bí ẹni pé ẹ ti Àbújá wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kàdúná, inú ihò kan náà lẹ ṣì wà. Ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn tí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe já kọ́ ló pa púpọ̀ nínú wọn, ohun tó tẹ̀ lé e ni. Ẹni tó bá ti lo ọyẹ́ ní Kánò mọ bí oòrùn ṣe máa ń rí bí àwo funfun lọ́sàn-án gangan, tí bàálù ò ní lè balẹ̀, tí èèyàn á máa wúkọ́. Ẹ fojú inú wò ó kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, kó bo gbogbo ayé, kó má sì ká lọ́la tàbí lọ́túnla. Èéfín, imí ọjọ́ àti eruku dí oòrùn lójú. Ewéko ò rí ìmọ́lẹ̀, àwọn tó ń jẹ ewéko ò rí jẹ, àwọn tó ń pa wọ́n jẹ náà kú tẹ̀ lé wọn. Nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá tó wà láyé ló bá a lọ. Àwọn òkè ayọnáyèéfín ńlá kan ń tú jáde ní Íńdíà ní sáà kan náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìwọ̀n ìpalára tí ìyẹn ṣe.

Àwọn tó bọ́ ni àwọn kékeré, tó lè wọ ihò, tó lè fi hóró èso àti kòkòrò gbẹ́mìí ró. Ẹyẹ díẹ̀ wà lára wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin adìyẹ rí mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba. Ní 2017, Gregory Erickson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìlà ara eyín ọmọ dáínósọ̀ tó kú sínú ẹyin, wọ́n rí i pé ti Hypacrosaurus fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà kó tó pa. Oṣù mẹ́fà nínú òkùnkùn, nígbà tí ebi ń pa ìyá! Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ méjì láti Japan ṣírò pé ìdá 13 péré nínú 100 orí ilẹ̀ ayé ni òkúta náà ì bá já sí kó tó ṣe irú ọṣẹ́ yẹn, torí ibi tí ohun tó ń di èéfín pọ̀ sí nínú ilẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ká ní ó já síbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí àwọn dáínósọ̀ ńlá má run. Mo fẹ́ kí ọmọ yín di èyí mú dáadáa: wọn ò kú nítorí pé wọ́n ya òmùgọ̀ tàbí pé ara wọn ò dá. Ibi ló já lù wọ́n.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àṣìṣe tó ṣe, àwọn àgbàlagbà pọ̀ tó ń ṣe é. Wọ́n rò pé àyípadà tó ń bá ẹ̀dá láti ìran dé ìran dà bí àkàbà, tí èèyàn wà lókè téńté, tí ẹranko yòókù ń gùn bọ̀, tí kálukú á sì dé ọ̀dọ̀ wa tó bá ti pẹ́ tó. Kò sí àkàbà kankan. Ẹ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ pupa Sókótó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó lè rìn jìnnà lọ wá ewé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ewúrẹ́ kúkúrú ti ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gùn, ṣùgbọ́n àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í tètè dá a dúbúlẹ̀. Ẹ fa ti Sókótó lọ sínú igbó Oǹdó, ẹ wò ó bí yóò ṣe máa rù. Èwo ló wá ga ju èkejì lọ nínú méjèèjì? Ibi tí kálukú ń gbé àti ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká béèrè nípa dáínósọ̀ ni pé kí ni ilẹ̀ tí wọ́n wà ì bá máa béèrè lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe pé ọmọ kíláàsì náà ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀ o. Ní 1982, onímọ̀ kan ní Kánádà, Dale Russell, pẹ̀lú Ron Séguin tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, mọ ère ohun tí dáínósọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Troodon ì bá dà. Wọ́n yan Troodon nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ tóbi ní ìwọ̀n ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tóbi. Ère tí wọ́n mọ dúró ṣánṣán bí èèyàn, orí rẹ̀ rìbìtì, kò ní ìrù, ìka mẹ́ta ló ní. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n dáwọ́ lé e, àmọ́ mi ò gbà. Èèyàn ni wọ́n wọ̀ ní aṣọ dáínósọ̀. Dáínósọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ìrù rẹ̀ ló fi ń ṣe ìwọ̀n, bí ẹni tó fi igi gbé omi ní èjìká. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní Chile so ìrù igi mọ́ adìyẹ láti kékeré, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ìrìn wọn yí padà, itan wọn ń lọ sẹ́yìn bí ti dáínósọ̀. Kí ló máa mú kí ẹranko tó ti ń rìn dáadáa báyìí fún àádọ́jọ mílíọ̀nù ọdún sọ ìrù nù, kó wá dúró ṣánṣán bíi tiwa? A dúró bẹ́ẹ̀ nítorí pé orí igi ni àwọn baba ńlá wa ti wá, wọn ò ní ìrù mọ́ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn gbà wá yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀nà kan wà tá a lè gbà wò ó láìfi ojú inú nìkan ṣe é, òun ni mo sì gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ jẹ́ ká wá ibì kan tí ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú ò ti sí lórí ilẹ̀, ká wo ohun tí àwọn dáínósọ̀ tó ṣẹ́ kù fi ibẹ̀ ṣe. New Zealand ni ibẹ̀. Nígbà tí àwọn Maori fi ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀, ní nǹkan bíi 1300, àdán nìkan ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó ń gbé etí òkun. Kò sí ẹtu, kò sí màlúù, kò sí eku. Ẹyẹ ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Moa ló ń jẹ ewé bí ẹtu: irú mẹ́sàn-án ló wà, abo èyí tó tóbi jù lè na ọrùn ga ju mítà 3 lọ, ó wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ, kò sì ní apá rárá, kódà eegun apá ò sí lára rẹ̀. Idì kan wà tó ń pa moa jẹ, Haast ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó ń ṣe iṣẹ́ ẹkùn. Kiwi ló sì ń ṣe iṣẹ́ òkété: inú ihò ló ń gbé, òru ló ń jáde, ìyẹ́ rẹ̀ rí bí irun, ihò imú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó àgógó, ó ń fi gbóòórùn ekòló nínú ilẹ̀. Láàárín nǹkan bí igba ọdún tí èèyàn débẹ̀, wọ́n ti pa moa jẹ tán, idì náà sì bá wọn lọ. Mi ò lè kọ gbólóhùn yẹn kí inú mi má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ohun tí wọ́n fi àyè yẹn dà, ẹyẹ náà ni. Kò sí èyí tó di èèyàn.

Tá a bá wá gbé ìyẹn lọ sí gbogbo ayé, kí la lè fọkàn sí? Láti ìgbà tí òkúta yẹn já, ayé ti gbóná gan-an ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, ó wá ń tutù bọ̀, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bo Antarctica ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 ọdún sẹ́yìn, igbó ń dín kù, pápá koríko ń gbilẹ̀. Koríko kì í ṣe oúnjẹ ìrọ̀rùn, ohun líle bíi yanrìn wà nínú ewé rẹ̀ tó ń jẹ eyín. Ẹṣin àti màlúù yọ eyín gígùn nítorí rẹ̀. Àwọn dáínósọ̀ ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, ìdílé tí Hypacrosaurus ti wá, ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín tó tò léra wọn ní ìpele-ìpele, tí tuntun ń ti ògbó jáde. Èmi gbà pé àwọn ni ì bá jogún ilẹ̀ yìí, láti Sókótó dé ẹ̀bá Adágún Chad. Mo máa ń rí wọn lọ́kàn mi tí mo bá wà nínú mọ́tò lọ́nà Kánò sí Maiduguri: wọ́n ga bí ràkúnmí, ẹsẹ̀ wọn gùn, ìka ẹsẹ̀ wọn ti dín kù bíi ti ògòǹgò kí wọ́n lè sáré lórí ilẹ̀ líle, àwọn ọmọ wọn wà láàárín, àwọn apẹran-jẹ tó ní ìyẹ́ aláwọ̀ koríko gbígbẹ sì ń bẹ lẹ́yìn wọn. Ní ti òtútù, kò ní pa wọ́n. Ní àríwá Alaska, wọ́n ti rí eegun dáínósọ̀ níbi tí oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ní 2021 wọ́n sì kéde eegun àwọn ọmọ tuntun níbẹ̀. Wọ́n ń yé síbẹ̀, wọ́n ń pa síbẹ̀. Òkun ni mi ò fún wọn. Àbùùbùtán lè bímọ sínú omi, dáínósọ̀ kan ò sí tá a mọ̀ tó bímọ láàyè, ẹyin ni gbogbo wọn ń yé, ẹyin bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀. Pẹ́ńgúìnì títí dòní ṣì ń gòkè wá yé.

Ọgbọ́n ńkọ́? Níbí ni mo ti máa ń fara balẹ̀ jù, torí èyí ni ọmọ yín ń bẹ̀rù. Kì í ṣe pé dáínósọ̀ ò lè gbọ́n. Odídẹ kan wà tó ń jẹ́ Alex, irú tiwa nílẹ̀ Áfíríkà gan-an, tí Irene Pepperberg kọ́ ní Amẹ́ríkà títí ó fi kú ní 2007. Ó ń dárúkọ àwọ̀, ó ń sọ èyí tó tóbi ju èkejì, ó ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Àwọn ìbátan kannakánná ní New Caledonia ń ṣẹ́ igi, wọ́n ń tún un ṣe kó ní ìkọ́, wọ́n fi ń yọ kòkòrò nínú ihò. Ní 2016, àwọn tó ka sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ẹyẹ rí i pé ti odídẹ àti ti ìdílé kannakánná dí mọ́ra débi pé wọ́n lè pọ̀ tó ti àwọn ọ̀bọ kan tí ọpọlọ wọn tóbi jù wọ́n lọ. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá ní ọgbọ́n dáínósọ̀ ì bá ti ga sí i lónìí, mi ò ní bá a jà. Àmọ́ ọgbọ́n kannakánná ni, kò gba pé kó dà bíi tiwa. Ọwọ́ wọn náà kò ṣe bíi tiwa: àwọn apẹran-jẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn, àtẹ́lẹwọ́ wọn kọjú síra bí ti ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́, wọn ò lè dojú rẹ̀ bolẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti wà láyé fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 165 ọdún kí òkúta tó já, kò sí àpẹẹrẹ ilé, iná tàbí irin-iṣẹ́ kan tí wọ́n fi sílẹ̀. Ká má tàn jẹ ṣá, àwọn baba ńlá wa náà wà láyé púpọ̀ nínú ọdún yẹn láìṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé irú ọgbọ́n tiwa kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti pé wọn ì bá máa sìn wá bí ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀, torí àwa fúnra wa ò ní sí. Ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú ti wà láti ìgbà dáínósọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ewé àti òru ni tiwọn. Ọ̀kan tó gboyà jù, Repenomamus ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n bá ọmọ dáínósọ̀ nínú ikùn rẹ̀, àwọn tó tóbi jù nínú ìran rẹ̀ ò ju ajá ilé lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ńlá kú ni tiwa rí àyè. Àwọn eegun tí wọ́n gbé jáde láti Colorado ní 2019 fi hàn pé kó tó pé 700,000 ọdún, àwọn kan ti tó kìlógíráàmù 50. Kíákíá ni ìyẹn. Ká ní àyè ò ṣí, mo gbà pé òkété àti àdán ni ì bá dúró fún wa, bóyá àti ohun kan lórí igi tó jọ ọ̀bọ. Tẹ́lòmíràn bá rò pé àwọn orí igi ì bá ṣì rí ọ̀nà gbé irú wa jáde, ó ní ìdí tó fi lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé dáínósọ̀ ńlá kì í gun igi.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ya ohun tí mo sọ sí méjì. Eegun, ọjọ́ orí, òkúta tó já, ẹyẹ tó jẹ́ dáínósọ̀, wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ lọ́nà Maiduguri, àbá tèmi ni, kò sì sí ẹni tó lè dán an wò láéláé, torí ẹ̀ẹ̀kan ni òkúta náà já. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì ti bá àwọn òbí Mùsùlùmí àti Kristẹni sọ ọ̀rọ̀ yìí. N kò tíì rí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé ó wo ẹsẹ̀ adìyẹ dáadáa. Ẹ sọ fún ọmọ pé kò sí dáínósọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé e lóru. Èyí tó kù wà lóko yín, wọ́n ń kọ ní ìdájí. Tí bàbá rẹ̀ bá sì ń ṣiyèméjì síbẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama wà ní Niamey, wọ́n gbé eegun Ouranosaurus dúró níbẹ̀, kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Sókótó.

Ẹ má tíì lọ Niamey báyìí. Mo ní àgbébọ̀ kan ní Kuje tó ń sàba lórí ẹyin 11, ọjọ́ 21 rẹ̀ bọ́ sí Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ mú ọmọ wá láàárọ̀ kùtù, kó tó di aago méje. Ẹ jẹ́ kó gbé ẹyin kan sétí, yóò gbọ́ tí òròmọdìyẹ ń fi àgógó lu èèpo láti inú.